Àwòṣe Kì Í Ṣe Ayédèrú: Ẹ Fún Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ajégúnlẹ̀ Ní Òfin

Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ojú omi ń já ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sílẹ̀ ní èbúté Àpápá àti ní Tin Can Island, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ èyí tí àwọn ará òkè òkun ti lò rí, tí a ń pè ní tòkunbọ̀. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Ajégúnlẹ̀ wà, níbi tí àwọn panẹbítà, àwọn wẹ́dà, àwọn riwáyà àti àwọn tí ń kun ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Lọ́wọ́ irú wọn, káàkiri Èkó, ni ọkọ̀ tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá ti ń gba iwájú tuntun, iná tuntun àti àga aláwọ, títí ojú yóò fi rí i bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé-iṣẹ́ ni. Àwọn kan ń pe iṣẹ́ yìí ní jìbìtì, wọ́n sì ń fẹ́ kí Ìjọba pa á rẹ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó lè bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa ni, ohun tí ó kù fún un kò ju òfin tí yóò mú un jáde sí gbangba lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ẹni tí ó wo ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe, tí ó ṣe irú rẹ̀, tí ó sì sọ fún ẹni tí ń rà á pé irú rẹ̀ ni, oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹni tí ó ṣe irú rẹ̀, tí ó wá pa nọ́ńbà ara ọkọ̀ rẹ́, tí ó pe ọkọ̀ 2008 ní ti 2020, olè ni. Kì í ṣe ọwọ́ ni ó ya àwọn méjèèjì nípá, ẹnu ni. Àwòṣe a máa jẹ́wọ́ orúkọ rẹ̀. Ayédèrú a máa fi ti ẹlòmíràn bora.

Ọkọ̀ eré-ìje kan wà tí wọ́n ń pè ní Cobra. Ní 1962 ni Carroll Shelby, awakọ̀ eré-ìje ará Amẹ́ríkà, gba ara ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ AC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì gbé ẹ́ńjìnnì Ford onísílíńdà mẹ́jọ sínú rẹ̀. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1960 kò ju bí ẹgbẹ̀rún kan lọ. Nítorí pé wọ́n ṣọ̀wọ́n, owó wọn ga kọjá ibi tí ọwọ́ lè tó: ní 2016, àkọ́kọ́ pàá nínú wọn tà ní mílíọ̀nù dọ́là 13.75. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọkọ̀ náà, tí kò sì ní irú owó bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe àwòṣe ni yóò gbà lọ.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń kan ọ̀kan nínú àwọn àwòṣe tí ó lókìkí jù? Ìlú èbúté kan ní Gúúsù Áfíríkà ni, Port Elizabeth, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Gqeberha ní 2021. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Hi-Tech Automotive ti ń kan ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní orúkọ Superformance, pẹ̀lú àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni orúkọ Shelby. Wọ́n á kun ọkọ̀ náà tán, wọ́n á rán àga rẹ̀, wọ́n á gbé e lé orí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn á sì fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà láìní ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ó rà á ni yóò yan àwọ̀ àti ìlà ara rẹ̀, òun náà ni yóò yan ẹ́ńjìnnì àti jíà tí ó wù ú, tí yóò sì wá ẹni tí yóò bá a gbé wọn wọlé. Ọgbọ́n yìí kò já bọ́ láti ọ̀run. Láti àwọn ọdún 1920 ni Ford àti General Motors ti ń to ọkọ̀ ní ìlú náà, ìran dé ìran ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ti mọ irin í rọ. Lábẹ́ igi ńlá ni èyí kékeré ti rí ibòji.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò sí nílẹ̀ wa, kí ó rántí bọ́lẹ́kájà. Ṣaásí Bedford àti Austin ni ó ń ti ìlú òyìnbó wá. Àwọn káfíńtà wa ni ó ń fi pákó kan ara lé e lórí, tí wọ́n ń to ìjókòó bí èrò àti ẹrù ọ̀nà náà ti bèèrè, tí ẹni tí ń kun ọkọ̀ sì ń kọ òwe tàbí àdúrà tí ó wu ọlọ́kọ̀ sí i níwájú àti lẹ́yìn. Ní Àpápá gan-an ni ilé-iṣẹ́ UAC ti ń to Bedford ní àkókò òmìnira. Lẹ́yìn náà ni mọ́lùẹ́ dé, tí àwọn wẹ́dà gbé ara irin lé orí ṣaásí Mercedes 911. Kí ni Shelby ṣe tí ó ju èyí lọ? Ara láti ibì kan, ẹ́ńjìnnì láti ibòmíràn, ọgbọ́n láti orí ẹni tí ó kó wọn pọ̀. Ní 2014 pẹ̀lú, Ṣẹ́gun Oyeyiola, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, sọ Volkswagen Ìjàpá di ọkọ̀ tí ń lo agbára oòrùn àti afẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ. Mọ́lùẹ́ kan náà ni ó kọ́ wa pé ọgbọ́n tí kò ní àyẹ̀wò lè di ikú. Irin mímú ya aṣọ ya ara, bíréèkì kò mú, ìjókòó kò dúró. Bí a bá ní kí àwọn ọmọ wa máa kan ọkọ̀, a gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò wo ohun tí wọ́n kàn.

Níbo ni Ìjọba wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ní 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, tí Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà Badagry. Ní àwọn ọdún 1990 àwọn ará Jámánì fi tiwọn sílẹ̀ lọ. Ní 2013, Ìjọba Àpapọ̀ gbé owó ibodè lórí ọkọ̀ tí ń ti òkèèrè wá ga sókè, kí àwọn tí ń to ọkọ̀ nílé lè rí ọjà tà. Òfin Ìnáwó ti 2020 sì tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó fi owó bánkì kọ́ ilé-iṣẹ́ nítorí òfin àkọ́kọ́, kí ni yóò sọ fún bánkì lẹ́yìn èkejì? Ilé-iṣẹ́ ńlá sì ni gbogbo ìlànà wọ̀nyí ń lépa. Ẹni tí ó lè kan ọkọ̀ márùn-ún lọ́dún kò sí lójú wọn.

Amẹ́ríkà rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, wọ́n ṣe òfin fún àwọn oníṣẹ́ kékeré tí ń ṣe àwòṣe ọkọ̀ tí ó ti pé ọdún 25 ó kéré tán. Òfin náà gbà kí oníṣẹ́ kan kan ọkọ̀ tí kò ju 325 lọ lọ́dún, láìjẹ́ pé yóò ru gbogbo ẹrù òfin tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń rù. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìjọba, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá òfin èéfín mu, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára ọkọ̀ pé àwòṣe ni. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni wọ́n parí ìlànà tí ó mú un ṣẹ.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni àwa ń bèèrè fún. Kí oníṣẹ́ forúkọ sílẹ̀. Kí ó lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ ara ọkọ̀, tí yóò sọ orúkọ ẹni tí ó kàn án, ọdún tí ó kàn án àti ibi tí ṣaásí ti wá. Kí ọ́fíìsì àyẹ̀wò ọkọ̀ wo bíréèkì, ojú ìjó irin àti iná kí ó tó gba nọ́ńbà. Ẹni tí ó bá sì pa nọ́ńbà ṣaásí rẹ́, kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Títí òfin yóò fi dé, kí ẹni tí ó fẹ́ kan ọkọ̀ la ojú rẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí oníṣẹ́ náà ti kàn rí, kí ẹ sì bá àwọn tí ó ni wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹ ṣe bíréèkì kí ẹ tó yan àwọ̀. Ẹ má ṣe gbé ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ ju ti ṣaásí lọ sínú ọkọ̀. Ẹ kọ àdéhùn sínú ìwé, kí ẹ sì máa san owó bí iṣẹ́ bá ti ń lọ.

Àwọn kan yóò bi wá pé, kí ni tálákà fẹ́ fi ọkọ̀ eré-ìje ṣe? Ìdáhùn wa ni pé tálákà kò ní í gùn ún; yóò kàn án, yóò sì gba owó iṣẹ́. Ọwọ́ tí ó mọ fáíbà í dà fún ọkọ̀ olówó ni yóò dà á fún ọkọ̀ apẹja àti ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín nìyí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, nígbà tí Àpápá wà lábẹ́ Ìjọba Àpapọ̀. Ẹ̀kọ́ náà kọ́ wa ní ìwé. Ó kù kí ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà mọ bí a ti ń fi rúlà yàwòrán ohun tí ó fẹ́ rọ, kí ó sì mọ ìṣirò agbára irin. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí olùdíje bá wá bẹ̀ yín fún ìbò, ẹ bi í léèrè òfin yìí kí ẹ tó gba aṣọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ni ààlà ìjọba ti kúrò láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Ààlà owó kò tíì kúrò. Orúkọ a máa ro ọmọ, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kì í bọ́ ọmọ. Ajé ń gúnlẹ̀ sí Àpápá, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kọjá. Ìjọba ni ó lè ṣe òfin tí yóò mú un dúró lọ́dọ̀ wọn.