A Kì Í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ: Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Oníwàádìí Tó Ń Wọ Ọjà Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò fẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí ó kan àwọn àkàndá tó wà láàárín wa, ó sì kan àpò gbogbo wa.

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníwàádìí ti ń wọ ọjà. Òmíràn ti yunifásítì wá, òmíràn ti ọ̀dọ̀ ìjọba, òmíràn ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́. Wọ́n á gbé ìwé tàbí fóònù dání, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìbéèrè díẹ̀ la ní." A kò sọ pé iṣẹ́ burúkú ni wọ́n ń ṣe. Bí wọn kò bá béèrè bí àkàndá ṣe ń rí owó jẹun, iye tó ń ná lórí ọkọ̀ àti oògùn, ìdí tí báǹkì kì í fi í fẹ́ yá a lówó, kí ni ìjọba fẹ́ wò ṣe ètò? Ẹni tí a kò kà, a kì í bu oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè, àti ibi tí ìdáhùn ń gbà lọ, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà wa níbí. Ìyá kan nínú wa tó ń ta èlùbọ́, tó ń fi ọ̀pá rìn, ni àwọn ọmọ kan wá bá ní ìsọ̀. Ojú àwọn oníbàárà ni wọ́n ti bi í pé èló ló ń pa lójúmọ́, èló ló wà lọ́wọ́ alájọ, ìgbà wo ló máa kó o, ta ló jẹ ní gbèsè. Ìyá náà dáhùn gbogbo ẹ̀, ó rò pé ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìwé tí wọ́n tẹ̀ dé ọwọ́ wa. Wọn ò kọ orúkọ ẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí wọ́n kọ ni pé "obìnrin elélùbọ́ kan tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́", pẹ̀lú orúkọ ọjà wa, àti iye owó àjọ ẹ̀. Ẹ dákun, elélùbọ́ mélòó ló ń fi ọ̀pá rìn lọ́jà yìí? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mọ̀lẹ́bí ọkọ ti dé, olówó èlé ti dé. Owó tó fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ tú ká. Nígbà tí àwọn mìíràn wá kọ orúkọ àwọn àkàndá fún owó ìrànwọ́, ìyá náà kọ̀, kò la ẹnu rárá. Ó pàdánù lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn kan á ní, "Ṣé ojú ò rí ẹsẹ̀ ni? Àṣírí wo ló wà níbẹ̀?" Ojú rí ẹsẹ̀, ojú ò rí àpò. Bí wọ́n bá so ẹsẹ̀ mọ́ àpò nínú ìwé kan, ó ti di nǹkan mìíràn. Kì í sì í ṣe gbogbo àìlera ni ojú ń rí. Ẹni tó ní wárápá tó ń ta oúnjẹ, bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá jáde, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́? Wárápá kì í ràn, àmọ́ oníbàárà mélòó ló máa dúró gbọ́ ìyẹn?

Láyé àwọn ìyá wa, òṣómàáló ló ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí àdúgbò á fi mọ̀. Lónìí, inú fóònù ló ń lóṣòó sí. Ẹ ti rí àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, tí wọ́n ń kọ̀wé ìtìjú sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ onígbèsè. Ó burú débi pé àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, FCCPC, gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní 2022. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó.

Òfin wà o. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí Nigeria Data Protection Act, òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àdáni wa. Òfin náà ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ohun ẹlẹgẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ó ní dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà. Ó ní ẹni tó gbà lánàá lè sọ pé òun ò gbà mọ́ lónìí. Bí ọ̀rọ̀ bá jò, tí ó sì lè ṣe oní-nǹkan ní jàǹbá, ẹni tó kó o pamọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún Nigeria Data Protection Commission láàárín wákàtí 72. Bí jàǹbá náà bá lè pọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ fún oní-nǹkan fúnra rẹ̀ kíákíá.

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ nìyí. Àkọ́kọ́, kí oníwàádìí kọ́kọ́ mú ìwé wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kó sọ ẹni tó rán an, ìgbìmọ̀ tó yẹ iṣẹ́ náà wò, àti nọ́ńbà tí a lè pè. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ gbà á wọlé kò túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ ti bá yín gbà. Ìyálọ́jà kò lè fi ẹnu tiẹ̀ gbà fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì kọ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ fi ìrànwọ́ dù ú.

Èkejì, kí wọ́n má ṣe béèrè ọ̀rọ̀ owó lójú oníbàárà. Afọ́jú, kí wọ́n ka ìwé náà sí i létí tán kó tó tẹ̀ka. Ìka tí a tẹ̀ sórí ohun tí a ò mọ̀, kì í ṣe gbígbà. Adití, kó fúnra ẹ̀ yan ẹni tó máa ṣe ògbufọ̀ fún un, nítorí ògbufọ̀ náà ń gbọ́ àṣírí.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà BVN, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì ATM, tàbí nọ́ńbà tí báǹkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ìwádìí wo ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Bó bá jẹ́ èrè ọjà ni, "láàárín 5,000 sí 10,000 náírà" ti tó.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ, kí ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ wà ní títìpa níbòmíràn. Bí wọ́n bá ti kọ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tán, kí wọ́n pa á rẹ́. Bí wọ́n bá sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde, "oníṣòwò kan" ti tó. Kí wọ́n má ṣe júwe ènìyàn títí tó fi ku orúkọ nìkan.

Ká tó bá ẹlòmíràn wí, ẹ jẹ́ ká bá ara wa wí. Lásìkò kòrónà ní 2020, àwa gan-an kọ orúkọ àwọn àkàndá inú ẹgbẹ́, àìlera wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì kí wọ́n lè rí oúnjẹ gbà. Ire la rò, àmọ́ ẹni tó ń kọjá lọ kà á. A jẹ̀bi, a sì tọrọ àforíjì. Láti ìsinsìnyí, inú àpótí ni ìwé náà yóò máa wà, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́wọ́ ẹni méjì péré.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ kí gbogbo yín dá sí i. A ti bẹ ìyá elélùbọ́ wa pé kó wá jókòó níwájú. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a ó gbọ́. Bó bá fẹ́ dákẹ́, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni.

Ajé á jẹ́ tiwa o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́