Òfin Ní Kí Dókítà Má Daṣẹ́ Sílẹ̀: Ta Ni Yóò Gbẹnu Sọ fún Wọn?



Ìjọba da Bantè àti Savalou pọ̀ sí agbègbè ìlera kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú 34 tó wà ní Benin. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2013, a ti lé ní 250,000. Savalou ni ilé ìwòsàn ńlá wa wà. Aboyún Pira tàbí ti Akpassi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá di iṣẹ́ abẹ, ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Dókítà tí wọ́n bá gbé wá sọ́dọ̀ wa kì í wo àìsàn kan ṣoṣo. Ibà ni o, ìrọbí ni o, ẹ̀jẹ̀ ríru ni o, ẹni tí ejò bù jẹ ni o, òun náà ni. Wọ́n á kanlẹ̀kùn lóru, ilẹ̀ á sì mọ́ bá èrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ṣé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè tẹ́ni lọ́rùn pẹ́?

Òṣìṣẹ́ mìíràn tí ara bá ń ni á daṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin oṣù kẹwàá ọdún 2018 ní òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ ṣe é. A mọ ohun tí ìjọba rò: àìsàn kì í dúró de ìpàdé. Àmọ́ ẹni tí a bá dí lẹ́nu, ẹsẹ̀ ló kù fún un. Á rọra di ẹrù rẹ̀, ó di Cotonou, ó di Faransé. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Benin mọ́ orílẹ̀-èdè 55 tí àìtó òṣìṣẹ́ ìlera ń dà láàmú jù.

Àwọn kan á ní: dókítà ń gbowó oṣù, àgbẹ̀ kò gbà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí dókítà bá lọ, ta ni yóò tọ́jú àgbẹ̀ náà?

Nítorí náà, àwa tí wọ́n ń tọ́jú ló yẹ ká sọ̀rọ̀. Kí ìjọba má fi dókítà kan ṣoṣo sílẹ̀ láìní arọ́pò, kí wọ́n sì fún ẹni tó bá gbà láti gbé ọ̀dọ̀ wa ní àfikún owó. Kí mairie méjèèjì pèsè ilé tó ní omi àti iná. Kí wọ́n rán ọmọ wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Parakou, nítorí ọmọ onílé kì í tètè sá. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àwọn ìjọba ní 2021 kò yàtọ̀ sí èyí. Ní Mali, àwọn dókítà abúlé ti ní ẹgbẹ́ tiwọn láti 1993, ẹgbẹ́ ìlera ìlú sì ń bá dókítà ṣe àdéhùn.

Ẹ̀yin ìjòyè, tiyín náà wà níbẹ̀. Ẹ gba dókítà bí àlejò yín. Ẹ máa bi í léèrè lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta ohun tó ń dùn ún, kí ẹ sì gbé e dé mairie. Tí aláìsàn bá kú, ẹ má jẹ́ kí ẹbí bú òṣìṣẹ́ tàbí kí wọ́n gbá a létí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àwọn tó ń bọ̀ wá tọrọ ìbò wa, ìbéèrè yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: dókítà wa ńkọ́?