Nítorí Ta Ni A Fi Ń Bo Ẹrù Ọkọ̀?

Bí ẹ bá ń ti Abẹ́òkúta bọ̀ wá sí Èkó, ẹ fara balẹ̀ wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Tírélà sìmẹ́ńtì tó jáde láti Ewékorò, wọ́n ti fi tapólì bò ó, wọ́n fi okùn dè é yíká, dírẹ́bà yóò sì dúró lọ́nà láti yẹ okùn náà wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni típà òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ti iyanrìn ń bọ̀, tó kún ju ẹnu lọ, tí orí rẹ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, tí ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ kan bo ojú. Ọ̀nà kan náà ni, atẹ́gùn kan náà ni. Kí ló dé tí wọ́n fi bo ọ̀kan, tí wọn kò bo èkejì?

Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Bí òjò bá pa sìmẹ́ńtì, yóò di òkúta nínú àpò, ẹni tó ni ín ni yóò sì jẹ gbèsè rẹ̀. Àpò kan jẹ́ kílógíráàmù 50, nítorí náà tírélà tó kó àpò 600 gbé tọ́ọ̀nù 30 ọjà tí òjò kan ṣoṣo lè sọ di aláìwúlò. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá gbé ṣọ́bìrì iyanrìn mẹ́ta lọ, ẹni tó ni ín kò tilẹ̀ ní mọ̀. Ojú ẹlòmíràn ni yóò bọ́ sí. Ẹrù tí yóò pa wá lówó ni a ń bò. Èyí tí yóò pa ẹlòmíràn lára ni a ń ṣí sílẹ̀. Ní tèmi o, a ti dojú ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Ohun tó yẹ kí dírẹ́bà àti ẹni tó ni ẹrù kọ́kọ́ bèèrè ni pé: bí èyí bá kúrò lórí ọkọ̀, ta ni yóò bá? Bóyá òjò yóò ba ọjà náà jẹ́, ìbéèrè kejì nìyẹn.

Àwọn dírẹ́bà típà yóò sọ fún yín pé iyanrìn tútù kò nílò tapólì. Òdodo díẹ̀ wà níbẹ̀. Iyanrìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà láti inú ọ̀sà máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, omi á ṣì máa kán lábẹ́ ọkọ̀. Bí ibi tó ń lọ bá wà nítòsí gan-an, kò ní fò. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó mọ ìgbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó yóò tú ká? Oòrùn á máa pa á lórí, atẹ́gùn á máa fẹ́ ẹ, kí wọ́n tó kúrò lójú kan náà, òkè rẹ̀ á ti gbẹ, abẹ́ nìkan ni yóò ṣì tutù. Èyí tó gbẹ yẹn gan-an ni atẹ́gùn yóò gbé nígbà tí ọ̀nà bá là tí dírẹ́bà sì bẹ̀rẹ̀ eré. Nítorí náà, kì í ṣe bí ẹrù ṣe rí níbi tí wọ́n ti kó o ni kí a fi ṣe ìdájọ́, bí kò ṣe bí yóò ṣe rí kó tó dé ibi tó ń lọ.

Òkúta wẹ́wẹ́ kì í fò bí eruku, ohun tó fi ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. Jíjábọ́ ni tirẹ̀. Típà tó bá kó o kọjá ẹnu, kòtò kan péré ti tó. Bí òkúta kan bá bọ́ sílẹ̀ tó sì ta sókè, tí ẹ̀yin náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú eré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, eré tiyín ni yóò fi pàdé gíláàsì iwájú ọkọ̀ yín. Ọlọ́kadà kò tilẹ̀ ní gíláàsì. Tapólì nìkan kò sì tó níbí. Kí òkè ẹrù má ga ju ẹgbẹ́ ọkọ̀ lọ, kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì pa dé dáadáa, nítorí tapólì tí wọ́n tẹ́ sórí òkìtì tó yọ gogoro, ńṣe ló kàn ń fi òkìtì náà pamọ́ fún ọlọ́pàá. Ní ti ẹ̀tù òkúta tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ń lò, kò yẹ kí àríyànjiyàn kankan wà: ẹni tó bá ń fà á símú lójoojúmọ́, ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, àwọn ìyá tó ń tajà létí ọ̀nà náà sì ń fà á símú.

Kì í ṣe gbogbo ẹrù náà ni mo ní kí ẹ bò o. Pákó láti sọ́mìlì, okùn àti bẹ́líìtì líle ló nílò. Bí òjò kò bá ní bà á jẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Iṣu fẹ́ ìbòòrùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn ráyè wọ ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ooru á mú un jẹrà. Àjákù irin wẹ́wẹ́ ni kí ẹ bò láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí tapólì rọ́pò ìdè. Aṣọ lásán ni, kò lè di ohun tó wúwo mú. Kọ̀ǹténà tó já lulẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 pa ènìyàn mẹ́ta. Èyí tó tún já lé bọ́ọ̀sì lórí ní Ojúẹlẹ́gbà kan náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 pa ènìyàn mẹ́sàn-án. Àwọn irin tó ń ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ǹténà mọ́ ẹ̀yìn tírélà ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nílò, kì í ṣe ìbora.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àìbo ẹrù tó lè dà tàbí tó lè fò wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń torí rẹ̀ mú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè wà ní gbogbo ìkóríta, owó ìtanràn kì í sì í dun ẹni tó ti kà á mọ́ ara ìnáwó ọjọ́ náà.

Ohun kan wà tí a kì í sábà sọ. Ta ló ń gun orí ẹrù lọ tẹ́ tapólì náà? Ọmọ kékeré tí wọ́n ń pè ní mọ́tò bọ́ì ni. Láìsí àkàbà, láìsí okùn ìdáàbòbò, yóò dúró lókè ẹrù, atẹ́gùn á máa fẹ́ aṣọ ńlá náà bí ìgbà tí wọ́n ta ìgbòkun. Ẹni tó bá já bọ́ láti ibẹ̀ lè ṣẹ́ ní ọrùn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ wa kan ti ń wa tírélà tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń san owó ọ̀tọ̀ fún dírẹ́bà nítorí bíbo ẹrù, nítorí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ni, àti pé iṣẹ́ eléwu ni. Lọ́dọ̀ wa, iye ìgbà tí típà bá lọ tó bọ̀ ni dírẹ́bà fi ń jẹun. Bí ó bá fi ìdajì wákàtí bo ẹrù, àpò ara rẹ̀ ni àkókò náà ti jáde. Ẹ má wulẹ̀ bú u kí ẹ tó ro ìyẹn.

Àwa tí à ń ra iyanrìn ńkọ́? Púpọ̀ nínú wa ló ń kọ́lé, àwọn ìjọ wa náà sì ń kọ́lé. Àwa la ni ẹrù náà láti ìgbà tí a bá ti sanwó rẹ̀, síbẹ̀ iye owó àti ọjọ́ tí yóò dé nìkan la máa ń bèèrè. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ pe oníyanrìn, ẹ sọ ọ́ fún un kí ẹ tó dúnàádúrà: kí ó má kó o kọjá ẹnu, kí ó sì bò ó títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà yín. Bí ó bá fi owó díẹ̀ lé e nítorí èyí, ẹ san án, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ọmọ tó gun òkè bóyá ó rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀.