Àyà Tó Ń Já àti Ìgò Ẹnu Géètì: Kí Ni À Ń Mu Kí Ọkàn Lè Balẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ọkàn ni mo gbé wá lónìí. Bí àníyàn bá ń da Yorùbá láàmú, ara ni ó fi ń sọ ọ́: àyà mi ń já, ọkàn mi kò balẹ̀, oorun kò kun ojú mi. Àwọn mìíràn a ní ọdẹ orí ni ó ń ṣe àwọn: ohun kan ń rìn nínú orí wọn bí èèrà, etí wọn ń hó, àyà wọn ń lù kì-kì-kì. Ní ọdún 1987, oníṣègùn ọpọlọ kan, Mákanjúọlá, kọ̀wé lórí ọdẹ orí yìí gan-an, ó sì fi hàn pé ìbànújẹ́ ọkàn àti àníyàn wà lára ohun tí ó ń bá ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ráhùn nípa rẹ̀ fínra. Nítorí pé ara ni a fi ń mọ àníyàn, ohun tí yóò wọ inú ara ni a kọ́kọ́ máa ń wá sí i: ewé, egbò, àgbo. Èyí kò burú. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni irú èyí tí à ń mu, àti ohun tí a gbàgbé láti mu mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí agbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, láti Ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà, gba Àgídìngbí àti Ọgbà, títí wọ Agége. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ń jáde, tí àwọn ti òru ń wọlé, àwọn alágbo a ti pàtẹ ìgò wọn sẹ́bàá géètì. Ta ni oníbàárà wọn? Òṣìṣẹ́ kásúà ni, tí kò mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú ìwé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó ilé ti tó san, owó ilé ìwé ọmọ kò tíì pé. Lóru, ariwo ẹ̀rọ ni ó ń gbọ́. Lọ́sàn-án tí ó yẹ kí ó sùn, ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti àwọn ọmọ inú ilé ni. Bí àyà irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń já, kò yà mí lẹ́nu.

Ohun méjì ni ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀: gbànja àti paraga.

Gbànja kì í ṣe àlejò ní Agége. Kí ilé iṣẹ́ tó débẹ̀, oko ni ibẹ̀. Ní ọdún 1907, J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀. Kòkó ni wọ́n ń gbìn, obì náà sì kún ilẹ̀ ọ̀hún, débi pé ọkọ̀ ojú irin ń kó gbànja Agége lọ sí Òkè Ọya. Lónìí, òṣìṣẹ́ òru a jẹ ẹ́ kí oorun má baà gbé e lọ. Kaféènì tí ó wà nínú kọfí ni ó wà nínú obì, ó sì wà nínú àwọn ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń pè ní ti agbára. Kaféènì a máa mú àyà lù kíkankíkan, a sì máa lé oorun. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó jẹ obì ní agogo 3 òru, tí ó délé ní agogo 7, tí kò rí oorun sùn, tí àyà rẹ̀ ń já, kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan àjẹ́ ilé. Kí ó kọ́kọ́ bi obì léèrè.

Kí ó lè sùn, tàbí kí ẹ̀rù má baà bà á kí ó tó wọlé, ni ó ṣe ń mu paraga: egbò àti èèpo igi tí a rẹ sínú ògógóró. Òótọ́ ni pé ara a kọ́kọ́ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ọtí ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Bí ọtí bá sì ti ń kúrò lára, àníyàn a padà, ìgbà mìíràn a sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́la, ìgò kan kò ní tó mọ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ẹ wá ro ti ẹni tí ó fi ọwọ́ tí ọtí ti rọ̀ wọ ibi ẹ̀rọ tí ń gé irin tàbí tí ń fún rọ́bà. Ìka tí ẹ̀rọ bá gé, kò sí àgbo tí yóò so ó padà.

Ṣé àwọn baba wa kò ní oògùn ọkàn ni? Wọ́n ní in. Ọ̀kan tí ó lókìkí ni asofẹ́yẹjẹ, igi tí èso rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ ẹyẹ, tí àwọn oníṣègùn ń fi egbò rẹ̀ tọ́jú wèrè. Èròjà tí a ń pè ní reserpine wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ yọ ọ́ láti inú igi ìdílé kan náà tí ó wà ní Íńdíà, àwọn dókítà sì lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọpọlọ. Ṣùgbọ́n igi líle ni. A máa já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè fa ìbànújẹ́ ọkàn. Kì í ṣe ohun tí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa egbò rẹ̀ sè, pàápàá ẹni tí ó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ohun mìíràn tún wà tí oníṣègùn àtijọ́ ń ṣe, tí ìgò ẹnu géètì kò lè ṣe. A máa béèrè ọ̀rọ̀. A máa gba aláìsàn sílé, ẹbí a sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, l'Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé àyíká pẹ̀lú ìbátan wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ewé nìkan kọ́ ni oògùn náà. Oorun wà níbẹ̀, ènìyàn wà níbẹ̀, ìbéèrè wà níbẹ̀. Àwa yọ mẹ́ta kúrò, a fi ewé sílẹ̀, a wá da ọtí lé e lórí.

Kí ni kí a wá mu? Ewé tíì, tí àwọn kan ń pè ní koríko ọba, wà lọ́jà Agége, owó pọ́ọ́kú sì ni. Mi ò ní tàn yín: ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ ní Brazil fún àwọn ènìyàn ní tíì rẹ̀ àti ohun mìíràn tí ó jọ ọ́, wọn kò sì rí i pé ó lé àníyàn. Síbẹ̀ mo fọwọ́ sí i, nítorí kò ní kaféènì, kò ní ọtí, ó sì ń mú kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ bu omi gbígbóná sí ewé díẹ̀, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ mu ife kan kí ẹ tó sùn. Kí aláboyún kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Bí ẹ ti ń mu ún, ẹ fa èémí wọlé bí ẹni ń ka 1 dé 4, kí ẹ tú u jáde díẹ̀díẹ̀ títí dé 6, fún ìṣẹ́jú 5. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru, kí ó ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé, kí ó sì fi obì mọ sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹni tí yóò bá ra àgbo inú ìgò, kí ó wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Ẹni tí yóò lọ bá oníṣègùn ìbílẹ̀, kí ó béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Lagos State Traditional Medicine Board. Bí àníyàn bá lé ní ọ̀sẹ̀ 2, tí kò jẹ́ kí ẹ jẹun tàbí ṣiṣẹ́, ẹ lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá, tí ó ti wà láti ọdún 1907. Kí wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe gbogbo àyà tó ń já ni ti àníyàn. Bí àyà bá ń dunni gan-an, tàbí bí èrò pé ikú yá ju ayé lọ bá wọlé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Lílọ síbẹ̀ kò sọ yín di wèrè. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ti gba ipò òfin wèrè àtijọ́.

Ẹ̀yin aya, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ mi parí sí. Kí ẹ tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kí ẹ tó ní owó kò tó, ẹ bi í pé, "Báwo ni ọkàn rẹ?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Bí a kò bá béèrè, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run fi ọkàn gbogbo wa balẹ̀.