Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà la sábà máa ń fi òwe yìí bẹ̀, kó má fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọdé. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ káńsù àti àwọn tó ń fara wọn jìn fún ìdàgbàsókè abúlé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Owó ọ̀dà, kátápílà àti ẹnjiníà, orí pẹpẹ ni wọ́n wà, níbi tí ọwọ́ káńsù tó. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé afárá tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ni omi máa ń bò lóṣù Kẹsàn-án, táwọn ọmọ ilé-ìwé á bọ́ bàtà sọ́wọ́ kí wọ́n tó kọjá? Inú kèrègbè nìyẹn. Ẹni tó ń gbébẹ̀ nìkan lọwọ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ẹ dé ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, èyí tá a mọ̀ sí CDA. Akọ̀wé á ṣí ìwé ìdáwó, á ka orúkọ kọ̀ọ̀kan àti iye tó san sókè ketekete. Ìyá tó san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lè dìde: "Akápò, ẹ jọ̀ọ́, sìmẹ́ńtì tí ẹ ní ẹ ti rà, ibo ló wà?" Akápò á sì dáhùn lójú gbogbo èèyàn. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó oṣù fún akọ̀wé yẹn o. Ìjọba àwa-arawa tó múná jùyẹn lọ, n kò tíì rí i.

CSDP, ètò ìdàgbàsókè àdúgbò àti àwùjọ tí Báńkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, tẹ̀ lé irú ọ̀nà yìí nígbà tó wà: ará ìlú ló yan iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ àti ìgbìmọ̀ tó bójú tó o, wọ́n sì dá díẹ̀ nínú owó rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn káńsù kan ti sọ ìfara-ẹni-jìn yìí di àwáwí: ṣebí ẹ ti ra tiransifọ́mà fúnra yín, kí lẹ tún ń wá? Òwe náà kò ní kí ọmọdé gun àpótí kó fi tó pẹpẹ, kí àgbà wá máa sùn! Ní ti owó, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, pé gómìnà kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tú ìgbìmọ̀ tí aráàlú dìbò yàn ká. Ìdájọ́ nìkan kò lè gbé owó dé abúlé. Kí akọ̀wé àti ìyá yẹn wọ sẹkitéríàtì káńsù, kí wọ́n ní kí alága ka tirẹ̀ náà sókè: iye tó wọlé lọ́dún yìí, iye tí wọ́ọ̀dù wọn rí gbà, àti iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe.