Kí Dádì tó sanwó kíláàbù, kí Mọ́mì kọ́kọ́ ka ìwé òfin wọn

Bí owó bá ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọkùnrin l'Ékòó, nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Á pààrọ̀ mọ́tò, á kó kúrò nílé tí wọ́n ti ń jà du omi, lẹ́yìn náà lọ̀rọ̀ kíláàbù á wá délẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ á mú un lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Wọ́n á jẹ sùyà, wọ́n á mu bíà tútù, á rí àwọn lọ́yà, dókítà àti ọ̀gá báńkì tí wọ́n jókòó bíi pé kò sí wàhálà kankan láyé. Nígbà tó bá máa fi délé lóru ọjọ́ náà, ó ti pinnu: "Mọ́mì, àwa náà máa wọ kíláàbù o. Gbogbo ilé pátá la jọ máa wọ̀ ọ́."

Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Omi ló yí Èkó ká, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Kò sí pápá ládùúgbò, mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ ò jẹ́ káwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù lójú títì mọ́. Bí òbí bá wá ń wá ibi tó mọ́, tó ní ẹ̀ṣọ́, tọ́mọ ti lè sáré kó sì kọ́ tẹ́níìsì, ta ló máa dá a lẹ́bi? Ohun tó burú ni kówó ti jáde lápò kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń rà. Kíláàbù kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì téèyàn ń sanwó ọjọ́ kan wọ̀, kì í sì í ṣe ilẹ̀ tí bàbá ń rà tọ́mọ ń jogún.

Ẹ wò ó, kíláàbù kan ò jọ̀kan, torí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá wọn sílẹ̀ ò jọra. Àwọn òyìnbó ló dá Ikoyi Club sílẹ̀ lọ́dún 1938 fún ara wọn, European Club ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bá rí níbẹ̀ nígbà yẹn, òṣìṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá tó ti kàwé, tó sì rí já jẹ, ò káwọ́ gbera. Yoruba Tennis Club ti wà l'Oníkàn láti ọdún 1926, nígbà tó sì di 1943 ni wọ́n dá Island Club sílẹ̀. L'Ábẹ́òkúta náà, ọdún 1972 ni Abẹ́òkúta Club bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, èèyàn dúdú ló kún Ikoyi Club, wọ́n ń gbá gọ́ọ̀fù, wọ́n ń gbá tẹ́níìsì, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́. Lagos Country Club náà wà ní GRA Ìkẹjà fáwọn tó ń gbé lápá ibẹ̀.

Ohun tó yẹ kí tọkọtaya kọ́kọ́ bi ara wọn nìyẹn: kí ni wọ́n ń wá lọ? Kíláàbù kan wà tó jẹ́ pé àwọn àgbààgbà tó ń sọ̀rọ̀ ìlú nídìí ọtí ló pọ̀ níbẹ̀, ọmọ kékeré ò rí nǹkan kan ṣe. Òmíràn wà tó jẹ́ pé gọ́ọ̀fù ni gbogbo ẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà, tí ìyàwó máa ń wá bí àlejò. Bí Dádì bá wọ irú ẹ̀, òun nìkan ló wọ kíláàbù, ẹbí ò wọ nǹkan kan.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ọ̀nà. Ẹni tó ń gbé n'Íkòròdú, tó lọ wọ kíláàbù n'Íkòyí, kó rántí pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé làwọn ọmọ fẹ́ lọ, ọjọ́ náà ni mọ́tò àwọn tó ń lọ sóde ìgbéyàwó máa ń dí ojú ọ̀nà. Ká ní owó ọdọọdún ibẹ̀ jẹ́ ₦200,000. Tí wọ́n bá ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìrìn àjò kan ò ná wọn tó ₦4,000. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń rójú lọ, ìrìn kan ṣoṣo lé ní ₦16,000, wọn ò tíì ra ìgò mínírà kan. Kíláàbù tó wà nítòsí, tí orúkọ ẹ̀ ò ròkè tó ti Ìkòyí, lè ṣe ọmọ láǹfààní jù ú lọ.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ náà gba sùúrù. Ní ọ̀pọ̀ kíláàbù, èèyàn á ra fọ́ọ̀mù, á wá ọmọ ẹgbẹ́ kan tó máa mú orúkọ ẹ̀ wá, á tún wá ẹlòmíì tó máa kín in lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì ò gbọ́dọ̀ jẹ gbèsè kíláàbù. Wọ́n lè lẹ orúkọ àti fọ́tò ẹ̀ mọ́ pátákó kẹ́ni tó bá ní ẹ̀sùn lè wá sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kọmití á pè é wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, àwọn mìíràn á ní kó mú ìyàwó ẹ̀ dání. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ ẹnì kan tó lè gba ẹ̀yìn gbé e wọlé, tó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn ní kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sá fún un. Sẹ́kírítéríàtì kíláàbù lẹ ti ń ra fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ náà lẹ ti ń gba rìsíìtì.

Owó tó wà níbẹ̀ ò tán síbi owó ìwọlé. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san ìyẹn. Owó ọdọọdún wà lẹ́yìn ẹ̀, owó ẹ̀ka wà fún ẹni tó bá fẹ́ ta gọ́ọ̀fù tàbí tẹ́níìsì mọ́ ọn, owó olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ lódò wà. Bí wọ́n bá tún kọ́ ilé tuntun tàbí tí wọ́n ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n lè dáwó lé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lórí. Ẹni tí ò bá san, wọ́n á lẹ orúkọ ẹ̀ sójú pátákó bí onígbèsè, káàdì ẹ̀ ò ní ṣí géètì mọ́. Ẹ fojú inú wò ó kí wọ́n dá èèyàn dúró lẹ́nu géètì níṣojú àwọn ọmọ ẹ̀ tó ti wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ látilé.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le jù ni orúkọ tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Ní kíláàbù púpọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ọmọ ẹgbẹ́, ìyàwó àtàwọn ọmọ ń tẹ̀ lé e wọlé ni. Bọ́mọ bá ti pé ọjọ́ orí tí òfin wọn sọ, 18 níbòmíì, 21 níbòmíì, kò tún lè fi káàdì bàbá ẹ̀ wọlé. Bí ìgbéyàwó bá dàrú, ìyàwó jáde nìyẹn. Bí bàbá bá sì kú ńkọ́? Àwọn kan láàyè fún opó, kó kọ lẹ́tà, kó máa bá a lọ. Àwọn kan ní àfi kó bẹ̀rẹ̀ látorí fọ́ọ̀mù bí àjèjì.

Obìnrin tó bá béèrè èyí, ọkọ lè rò pé àjálù ló ń pè.

"Dádì, bí ẹ ò bá sí ńkọ́, ṣé wọ́n á jẹ́ kémi àtàwọn ọmọ wọlé?"

"Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ ó pẹ́ fún wa. Mo kàn ní kẹ́ ẹ bá mi gba ìwé òfin wọn wá ni."

Ọ̀rọ̀ gidi lobìnrin yẹn sọ. Kí wọ́n gba ìwé òfin náà, kí tọkọtaya jókòó kà á papọ̀. Bí kíláàbù bá gbà kí ìyàwó náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ gan-an, kí wọ́n bèèrè iye tó máa ná wọn. Kí wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ kan gbà wọ́n lálejò ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n wò ó bóyá ẹni tó ń ṣọ́ omi wà nídìí iṣẹ́ ẹ̀, bóyá àwọn ọmọ tiẹ̀ fẹ́ràn ibẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Owó tó bá jẹ́ ti iléèwé, ẹ má fi kàn án.

Bí ìdáhùn bá tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn, kí Dádì lọ ra fọ́ọ̀mù. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, owó ṣì wà nílé, oṣù kẹsàn-án sì ń bọ̀, iléèwé á wọlé.