Ilé Tí Kóòtù Ní Kí Wọ́n Tà
Ẹni tó ra ilé tí kóòtù ní kí wọ́n tà nítorí gbèsè lè débẹ̀ bá àgádágodo lẹ́nu géètì, kí wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri: “A kò ta ilé yìí.” Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, onígbèsè ní ọjọ́ 21 lẹ́yìn títà láti bẹ kóòtù kó fagi lé e, bí àbùkù gidi bá wà nínú bí wọ́n ṣe tà á. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi dù ú. Bí gbèdéke bá kọjá láìsí ẹ̀bẹ̀, títà ti fìdí múlẹ̀; ìwé ẹ̀rí kóòtù ni kí olùrà lọ gbà. Ohun tó ń dùn wá ni bí olùrà mìíràn ṣe ń kó jàǹdùkú lọ lé ìyá àtọmọ síta. Akódà kóòtù ló ni iṣẹ́ lílé èèyàn jáde.